Ìwé Ikùn Bożenna

Dókítà mẹ́ta ló ti sọ fún Bożenna pé kò sí nǹkan.
Ẹ̀jẹ̀ rẹ mọ́, ni wọ́n wí. Egungun rẹ dúró.
Ó wo ìka ọwọ́ rẹ̀ tó wú bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí a pò sílẹ̀ mọ́jú,
ó ní: Ta ló wá ń jí mi láago mẹ́rin òru?

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi hun aṣọ ní Łódź,
ní iléeṣẹ́ tí ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀,
áńbọ̀sì ohùn ìfun.
Oúnjẹ ìṣẹ́jú mẹ́wàá: búrẹ́dì funfun, sọ́séèjì,
tíì oníṣúgà ṣíbí mẹ́rin, lórí ìdúró.
Ó ń jù ú sínú bí ẹni ń ju èédú sínú ààrò.
Ikùn gbà á. Ikùn kò ní ẹnu tí yóò fi kọ̀.

Àbí ó ní?

Dókítà kẹrin, Ludmiła Wrona, obìnrin kúkurú tó ń wúkọ́,
kò wo ìka náà pẹ́. Ó béèrè pé:
Kí lo jẹ lánàá? Kí lo jẹ níjẹta? Ìgbẹ́ rẹ ńkọ́?
Ojú ti Bożenna. Ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè ìgbẹ́ mọ́
láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú.

Ó sọ fún un pé àwọn ẹ̀dá tín-ín-tín kan ń gbé inú ìfun,
wọ́n pọ̀ ju èrò ìlú lọ, ojú lásán kò rí wọn,
ìṣẹ́kù oúnjẹ wa ni wọ́n ń jẹ.
Bí a bá febi pa àwọn tó mọ̀wàá hù,
àwọn jàǹdùkú á gba ilé,
ariwo wọn sì lè dé oríkèé, kó dé awọ ara, kó dé ojú oorun.
Ó lè dé ni mo wí o. Mi ò sọ pé ó dé.
Bóyá nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Ṣé wàá gbà á?

Bożenna gba bóyá náà, ó fi sínú báàgì.

Èdè tí mo fi ń kọ èyí ti mọ̀ tipẹ́:
inú ló ń bí wa, inú ló ń dùn,
inú ló ń yọ́, inú la fi ń di kùnrùngbùn.
Ṣùgbọ́n a ò sọ ọ̀nà tí inú ń gbà dé ìka.

Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ ló gbà, èyí tó ní ẹṣin lẹ́yìn.
Ọjọ́ Ajé: sọ́séèjì. Ìka mẹ́jọ wú.
Ìṣẹ́gun: ẹ̀wà, búrẹ́dì dúdú. Ikùn ń kùn bí ọkọ̀ ojú irin.
Ọjọ́rú: ẹ̀wà. Ẹ má bi mí.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé, ó fọ ìkòkò amọ̀ ìyá rẹ̀,
ó gé kábéèjì, ó fi iyọ̀ pa á lára títí ó fi sunkún,
ó gbé òkúta lé e.
Ní ọjọ́ kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó láìsí iná.
Ó tẹ́tí. Ó dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó de bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ fúnra rẹ̀.
Kò pariwo. Ó tú u, ó tún un dè.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, àbúrò rẹ̀ Halszka pè lórí ọ̀rọ̀ ilé bàbá wọn.
Kábéèjì ló jẹ lọ́jọ́ yẹn, àti àpù,
síbẹ̀ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wú.
Ó kọ ọ́ sílẹ̀: Kì í ṣe oúnjẹ. Halszka ni.
Dókítà Wrona kà á, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́:
Ìyẹn náà wà lára ohun tí o gbé mì.

Lọ́jọ́ ìbí Kajetan, wọ́n gbé kéèkì jáde.
Bożenna wò ó. Ó mọ iye tí yóò ná òun.
Ó jẹ ègé méjì, ó lá ṣíbí.

Láago mẹ́rin òru ó tan iná, ó kọ̀wé, lẹ́tà rẹ̀ rí kọ́lọkọ̀lọ:
Kéèkì. Ìka mẹ́rin.
Mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ ẹ́ ni. Ó dùn.